Kí Ẹ Tó Tẹ Send: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwa Tá À Ń Lo Newsreader

Usenet ni ibi ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní newsgroup; newsreader sì ni ètò tá a fi ń kà á, tá a sì fi ń kọ̀wé síbẹ̀. Àbúrò kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè ní Ìwọ̀rọ̀kò-Èkìtì gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní Adó. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ará sci.lang, newsgroup tí wọ́n ti ń jíròrò nípa èdè, ìdí tí àwa Èkìtì fi ń pe ilé ní "ulé", tá a sì ń pe iṣu ní "uṣu". Ọjọ́ mélòó kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Mo ní kó ṣí i kí n rí i. Níbi tó ti kọ "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta", ohun tó wà níbẹ̀ ni "? kú ?j?? m??ta". Uṣu ti di "u?u". Ta ló fẹ́ dáhùn ohun tí kò ṣeé kà?

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyí, torí àwa Yorùbá ló ń pa lára. Newsreader rẹ̀ ń fi ISO-8859-1 ránṣẹ́, àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. "Ú" wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí "kú" fi yè. Ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ wọ inú Settings, kí ẹ yan UTF-8, àkójọ tó gba lẹ́tà Yorùbá, fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí wàhálà yìí bọ́ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí "oko" lásán, ọkọ ìyàwó ni àbí ọkọ́ tá a fi ń ro oko, àbí ọkọ̀ tá a wọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́?

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ síbi táwọn èèyàn wà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní alt.test tàbí misc.test. Nítorí ìdánwò ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ kọ "mò ń dán an wò" sínú newsgroup mìíràn ń da àwọn onílé láàmú ni.

Àṣìṣe kejì ni pé a máa ń lo Usenet bíi WhatsApp, bí ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́. Lọ́dún 1979 ni Tom Truscott àti Jim Ellis ti Yunifásítì Duke l'Amẹ́ríkà ronú kan Usenet, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló ṣì ń ṣe é: server kan (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú lẹ́tà) á gba lẹ́tà yín, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òmíràn, òmíràn náà á tún fún ẹlòmíì. Kò sí olórí kan tó lè ní kí gbogbo wọn pa á rẹ́. Òótọ́ ni pé Cancel, àṣẹ tá a fi ń pa lẹ́tà rẹ́, wà nínú Thunderbird, ọ̀kan lára àwọn newsreader, àmọ́ ọ̀pọ̀ server kì í kà á sí, torí àwọn oníjìbìtì ti lo irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti pa lẹ́tà ẹlòmíì rẹ́.

Èmi náà jìyà èyí. Àdírẹ́sì ímeèlì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mo kọ sójú ibi From. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣa àdírẹ́sì kiri ṣà á, lẹ́tà àwọn oníjìbìtì sì kún inú àpótí mi débi pé mo pa àdírẹ́sì náà tì. Tí server yín bá gbà á láyè, ẹ fi .invalid parí àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ kí ayé rí. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, kò lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láéláé.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Tí ẹ bá ṣí newsgroup tó ti pẹ́, Thunderbird á béèrè bóyá kó kó gbogbo àkọlé wá. Ẹ má gbà. 500 tó. Mo ti rí ẹni tó tẹ gbogbo rẹ̀, tí dátà ọ̀sẹ̀ kan tán kó tó ka lẹ́tà kan.

Ẹ gé ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ ń dá lóhùn kù, kí èsì yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ pa HTML, ìyẹn àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́ ara lẹ́tà, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà mẹ́rin ti tó fún orúkọ àti oyè nísàlẹ̀ lẹ́tà.

Àwọn kan ṣì ń gbìyànjú láti gba Google Groups kọ̀wé sí Usenet. Láti February 22, 2024 ni ọ̀nà yẹn ti dí. Newsreader àti server tó gbà yín ló kù. Port 563 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà server) ni kí ẹ lò, pẹ̀lú SSL/TLS, tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ 119 lásán, gbangba ni password yín ń gbà kọjá, pàápàá lórí Wi-Fi tí gbogbo èèyàn jọ ń lò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti àbúrò mi yí i sí UTF-8, a sì fi ìlà kan ránṣẹ́ sí alt.test. Nígbà tó yọ, ó fi ìka tọ́ ọ lójú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan: àmì abẹ́ ọ rèé, àmì orí rẹ̀ rèé, ti ṣ náà rèé. Ó tún ìbéèrè rẹ̀ kọ kó tó padà sí Ìwọ̀rọ̀kò.