Bí Mo Ṣe Ya Àwòrán Ọrùn Mi Nínú Ẹ̀rọ MRI

Ọrùn ló kọ́kọ́ ń ro mí, mo sì gbà pé mo kàn sùn gbé e ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrora náà gba èjìká sọ̀ kalẹ̀, tí ìka àárín ọwọ́ òsì mi ń kú, tí n kò sì lè fi ọwọ́ náà ti ilẹ̀kùn bíi tẹ́lẹ̀, mo lọ rí dókítà. Ó ní kí n gbójú sókè, kí n dẹ orí sí apá òsì, ó wá rọra tẹ̀ mí lórí. Lójú ẹsẹ̀ ni ìrora náà ta dé ìka. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ń wúwo tàbí n kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, torí pé ìyẹn kì í dúró di ọjọ́ kejì. Mo ní rárá, ó sì kọ̀wé pé kí n lọ ya àwòrán.

Irin òòfà ńlá ni MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá irin kankan wà lára mi, pàápàá ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́, kí n tó bọ́ aago àti ìgbànú. Mo dùbúlẹ̀, wọ́n dí mi létí, wọ́n gbé ohun kan tó dà bí àgò bo orí àti ọrùn mi, wọ́n sì fi rọ́bà kan sí mi lọ́wọ́ tí mo lè tẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà mí. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu páànù. N kò kà á sí. Itọ́ ni ìṣòro mi. Bí èèyàn bá gbé itọ́ mì, ọ̀fun á mì, àwòrán á sì dàrú, ìgbà tí wọ́n sì ní kéèyàn má gbé e mì gan-an ni ẹnu ń kún. Mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún apá yẹn yà. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ìgbà tí ariwo bá dákẹ́ ni kí n gbé e mì.

Àwòrán fi hàn pé tìmùtìmù tó wà láàárín eegun kẹfà àti ìkeje, èyí tó kẹ́yìn nínú eegun ọrùn, ti wú sí apá òsì, ó sì fún iṣan tí ọpọlọ fi ń bá ọwọ́ mi sọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni ọkàn mi ti ń rò, àmọ́ dókítà ní ọ̀pọ̀ irú èyí ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Ó fún mi ní oògùn ìrora, ó sì fi mí ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́ mi bí mo ṣe ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìgbé orí sókè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo fi ọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ṣóńṣó ìka àárín nìkan ló ṣì ń kú díẹ̀díẹ̀.