Àṣìṣe tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe bí a bá ń kọ́ ọmọ nípa ṣúgà

Ọdún tí mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ méjì ni mo kọ gàdàgbà sójú pátákó: ṢÚGÀ, MÁJÈLÉ. Àwọn ọmọ dà á kọ, mo máàkì í, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìyá ọmọ kan fi dúró dè mí lẹ́nu géètì. "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún ọmọ mi?"

Ìyá àgbà wọn ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, ló ń gbà. Ó gba abẹ́rẹ́ tán, kò tètè jẹun, ni ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó. Ó ní kí ọmọ po ṣúgà mọ́ omi fún òun. Ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Àǹtí àwọn ti sọ pé májèlé ni. Aládùúgbò ló sáré po omi ṣúgà náà wá fún un.

Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ni mi ò lè gbàgbé. Ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, ṣúgà náà ni oògùn rẹ̀: nǹkan bíi ṣíbí tíì 3 tàbí 4 nínú omi, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọsibítù ló kàn. Bákan náà, irú ìtọ̀ ṣúgà kan wà tó sábà máa ń mú ọmọdé tí kì í ṣe súìtì ló fà á. Ọmọ tó ní in lè jókòó sí kíláàsì yín, kí ẹ máa pe àìsàn rẹ̀ ní èrè ọ̀kánjúwà.

Àṣìṣe kejì ni "ẹ dín ṣúgà kù" láìsí òṣùwọ̀n. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi sí nǹkan má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Bí ó bá lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi gírámù 25, ó tún dára jù. Ṣíbí tíì pẹrẹsẹ kan jẹ́ gírámù 4, nítorí náà ṣíbí 6 nìyẹn, ti àgbàlagbà sì ni. Ti ọmọdé kéré sí i. Ẹ gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan sórí tábìlì, kí ọmọ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gírámù 10 nínú 100ml, ìgò 50cl gbé 50. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa bu ṣúgà sínú ife, ṣíbí 12 àti ààbọ̀. Ẹ má bá a bù ú o. Nígbà tí tiwa dé ṣíbí kẹjọ, kíláàsì tó ń pariwo ti pa lọ́lọ́.

Oyin àti omi èso inú páálí wà nínú òǹkà yẹn. Zóbò tí a fi ṣúgà sí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyá wa ló sè é.

Ẹ tún wo gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú máa ń kan, òun la sì fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kíkan yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ kúrò nínú ike ṣúgà. Mo ní kí ẹnì kan bá mi ká àgbáyun wá láti oko. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó fi ahọ́n yí i títí, ó tu kóró dànù, ó wá mu gààrí tí kò ní ju omi tútù àti ẹ̀pà lọ. "Àǹtí, ẹ ti fi ṣúgà sí i!" Mi ò fi nǹkan kan sí i. Ohun tó wà nínú àgbáyun ló lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tó ń sọ kíkan di dídùn, ó sì lè tó wákàtí kan kó tó ṣí. Olùkọ́ kan gbọ́, ó lọ sè é láti fi ṣe ohun mímu, kò dùn rárá: iná máa ń bà á jẹ́.

Níbẹ̀ gan-an ni èmi náà ti ṣìnà, nítorí mi ò fi kún un pé gààrí fúnra rẹ̀ á di ṣúgà nínú ara. Ọmọ kan mu abọ́ mẹ́ta, ó ní kò sí ṣúgà níbẹ̀.

Súìtì tí wọ́n kọ "sugar free" sí lára náà ń kọ́? Sorbitol tàbí maltitol, àwọn adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, ló máa ń wà nínú òmíràn. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ jù á máa sáré lọ sálàáńgá. Xylitol, tí òun náà jẹ́ irú wọn, lè pa ajá, kí wọ́n má jù ú fún ajá ilé. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ní kí a má gbójú lé àwọn adùn àfirọ́pò bíi aspartame àti sucralose láti fi dín ara kù; sorbitol, maltitol àti xylitol kò sí lára èyí tí wọ́n ń sọ. Bọ́ọ̀lì, àgbọn, ọsàn, àgbálùmọ̀ nígbà tirẹ̀: mo fara mọ́ ìwọ̀nyí jù.

Èyí tó kù ń tini lójú. Lẹ́yìn ìdáhùn ìbéèrè, súìtì ni mo fi ta ẹni tó gbégbá orókè lọ́rẹ. Bírò ni mo ń fún wọn báyìí.

Kò sì sí ẹni tó bá ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì sọ̀rọ̀. Mo lọ bá a pé kó máa gbé ẹ̀pà yíyan àti àgbọn wá. Ó wò mí títí. "Àǹtí, bí wọn ò bá rà á ńkọ́?" Mo ní màá rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èmi ni mo jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.