Ètò Ààbò àti Ìmúrasílẹ̀ Pàjáwìrì fún Kànga àti Bọ́ọ̀hóòlù Àdúgbò ní Èkìtì

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ní Èkìtì, kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ tàbí bọ́ọ̀hóòlù kan tó ní táńkì ni gbogbo àdúgbò gbójú lé. Bí omi bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò kéde rẹ̀ fún wa. Àwọn tó ń pọn ọ́n ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Nítorí náà, kí wàhálà tó dé ni kí àdúgbò ti yan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọmọrí kànga àti ti ilé ẹ̀rọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹnìkejì tí yóò dúró fún un bó bá lọ oko. Kí nọ́ńbà fóònù wọn, ti baálẹ̀, ti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe àti ti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn wà lára ògiri ilé ẹ̀rọ.

Oògùn oko ni ewu tí a ń fojú di jù lọ. Lásìkò tí a ń fín kòkó, àwọn kan máa ń fọ ẹ̀rọ ìfínkòkó létí kànga, àwọn mìíràn a sì máa fi ike oògùn tó ti tán pọnmi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọṣẹ tó lè fọ irú ike bẹ́ẹ̀ mọ́ débi tí omi mímu yóò fi ṣeé dà sí i. Ẹ lu ike náà níhò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò mọ́. Bí omi bá ń rùn bí oògùn, tàbí bí ẹran tó mu ún bá ṣàdédé kú, ẹ ti kànga náà lójú ẹsẹ̀, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí ẹ sì kéde káàkiri. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó sè é: sísè ń pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kì í mú májèlé kúrò, bí omi sì ti ń fà lórí iná ni májèlé tó kù ń ki sí i. Ẹ má fi wẹ̀, ẹ má sì fún ewúrẹ́ mu.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá yàtọ̀ sí èyí. Bí ó bá wọ kànga, ẹ sẹ́ omi náà, ẹ sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò ní igi ìdáná lè lo bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú 100 (ẹ ka ara ìgò, nítorí àwọn kan kò tó bẹ́ẹ̀): ẹ̀kán 2 sí lítà kan omi tó mọ́, ẹ̀kán 4 bó bá ṣókùnkùn, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Ṣálángá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30, kó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ wa jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi sì ń yára gba inú àpáta tó sán.

Bí olè bá jí ẹ̀rọ tàbí wáyà rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dí ẹnu páìpù náà kí nǹkan má baà já sínú rẹ̀. Òdiwọ̀n tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń lò ní pàjáwìrì ni lítà 15 fún ẹnìkan lójúmọ́, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin tó dé dáadáa yóò gbé ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà fún ọjọ́ kan.

Kànga tí a tì nítorí májèlé kì í ṣe èyí tí a ń fi ojú tàbí ahọ́n yẹ̀ wò. Kí àyẹ̀wò omi ti jáde láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi ìjọba kí ẹ tó ṣí i.