Bí òwú ṣe ṣíwọ́ jíjá mọ́ mi lọ́wọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òwú fi ń já bí mo ṣe ń ràn án. Bí mo bá ti yí kẹ̀kẹ́ ìrànwú, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ran òwú, tí mo fa òwú díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ti balẹ̀ nìyẹn.

Àṣé mi ò tú òwú náà dáadáa lẹ́yìn tí mo yọ kóró rẹ̀; ó ṣì dì ní kókó-kókó. Mo fọwọ́ tú u títí ó fi fúyẹ́. Mo tún fi eérú pa ìka, torí òógùn.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sínú igbá kékeré, kó má fi ìwúwo rẹ̀ já fọ́nrán tín-ín-rín. Mo sì ń dúró kí òwú lọ́ dáadáa kí n tó fà á. Bí o bá dẹ̀ ẹ́ tó sì ń wé mọ́ra, ó ti lọ́ tó. Lánàá, kẹ̀kẹ́ mi kún fọ́fọ́!