Bí a ṣe ń tún ilé ìdáná àti balùwẹ̀ ṣe: ẹ mọ ọ̀nà omi kẹ́ ẹ tó ra táìlì

Lásìkò Kérésìmesì, tí àwọn ọmọ bá ti dé sí Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ tún ilé ìdáná àti balùwẹ̀ àwọn òbí wọn ṣe. Ọjà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ yà sí, wọ́n á ra táìlì tó ń dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Páìpù tó bá ti wọ abẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹ ò lè gbé e kúrò láìfọ́ ilẹ̀. Torí náà, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò.

Ẹ fi tépù wọn yàrá náà, kẹ́ ẹ yà á sórí ìwé: ilẹ̀kùn, fèrèsé, ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tí páìpù íńṣì 4 ti ń jáde lọ sí sókàwéè, ihò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí. Tí kànga bá wà nínú ọgbà, ẹ jẹ́ kí sókàwéè jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 30, kó má sì wà níbi tó ga ju kànga lọ. Níbi tí àpáta bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, bíi ti Ògìdì, ẹ gbẹ́ ihò kékeré, kẹ́ ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ń mu ún. Tí kò bá mu ún, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ gbé W.C. sí tòsí páìpù tó ń jáde. Láti àárín rẹ̀ sí ògiri, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 38 sílẹ̀, kí iwájú rẹ̀ sì ní 60, kí orúnkún má bàa kan ilẹ̀kùn. Ibi ìwẹ̀ tó jẹ́ 90 sí 90 tó fún àgbàlagbà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sí ibi ihò omi, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ èyí fún bíríkìlà kó tó da sìmẹ́ńtì, torí táìlì ò lè tún un ṣe mọ́. Omi ẹ̀rọ kì í sì í fìgbà gbogbo wá: ẹ fi àyè dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe ẹnu ẹ̀rọ kan sísàlẹ̀ fún garawa.

Ó kan ilé ìdáná. Kí síńkì, iná ìdáná àti fíríìjì má jìnnà síra wọn, kí ẹnu ọ̀nà má sì la àárín wọn kọjá. Ẹ má fi gíga kábíńẹ́ẹ̀tì síkàáwọ́ káfíńtà nìkan. Ẹ ní kí màmá tó ń dáná níbẹ̀ dúró, kó ká ọwọ́. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 nísàlẹ̀ ìgúnpá rẹ̀ ni ojú kábíńẹ́ẹ̀tì yẹ kó wà. Ìta ni sìlíńdà gáàsì máa wà. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀gún sí, nítorí náà ẹ dá ihò atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú.

Ọmọ Ọ̀kun kò lè sọ̀rọ̀ ilé ìdáná kó yọ iyán sílẹ̀. Ẹ má gúnyán lórí táìlì, yóò là. Ẹ da kọnkéré tó nípọn sí ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ ẹ fi páànù bò ó, kí odó àti ààrò igi jọ wà níbẹ̀.

Ẹ lè wá lọ sọ́jà báyìí. Fún ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹ da omi díẹ̀ sórí táìlì ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń yọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó lè ṣẹ́ ìdí bàbá yín. Èyí tó ń dán, ògiri ni tirẹ̀. Wọ́n ń ṣe táìlì ní Ajàòkúta níbí, ẹ béèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra èyí tó tòkèèrè wá. Balùwẹ̀ mítà 1.8 sí 2.4 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4.32, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un, kẹ́ ẹ ra bíi 4.75, kí nọ́ḿbà àwọ̀ tó wà lára páálí gbogbo sì bára mu. Fún kábíńẹ́ẹ̀tì, pákó tí wọ́n ń pè ní marine board ló ń fara da omi. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, máa ń wú lábẹ́ síńkì. Gíránáìtì dára lójú kábíńẹ́ẹ̀tì bí owó bá wà.

Ilé àtijọ́ tó jẹ́ amọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ńtì ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri káàkiri. Níbi tó bá ti dún bí ìlù, sìmẹ́ńtì ti yọ lára amọ̀. Ẹ há a kúrò, kẹ́ ẹ tún un rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táìlì yóò já bọ́ tòun tìdí.

Kí wọ́n tó lẹ táìlì ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kómi wọlé kun ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri. Tó bá gbẹ, ẹ dí ihò omi, kẹ́ ẹ bu omi kún ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Tí omi bá fà, tàbí tí ògiri yàrá kejì bá tutù, kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe kí táìlì kankan tó wọlé. Ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò gbogbo páìpù kí wọ́n tó bò wọ́n, kí púlọ́mbà tó bá wá lọ́dún mélòó kan sí i mọ ibi tí kò gbọdọ̀ lu.