Ewédú tó gba 14,700 náírà lọ́wọ́ mi kí n tó rí ewé kan já

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iye tó jẹ mí, torí ìyẹn ló ṣì ń dùn mí jù. 14,700 náírà. Lórí ewédú o, kì í ṣe kòkó, kì í ṣe kaṣú. Ewédú tó jẹ́ pé tójò bá ti rọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì báyìí, ẹ máa rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹlòmíì tó ń dàgbà fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbìn ín, kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Èmi gbin tèmi lẹ́ẹ̀mẹrin, kò hù. Ìgbà karùn-ún ló tó dá mi lóhùn, ohun tó sì jẹ́ kó hù, ọ̀fẹ́ ni, kò ná mi ní kọ́bọ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí Ọjà Jagun lọ́jọ́ Sátidé, ìdì ewédú tí mo máa ń rà ní 200 ti di 500, ìdì ọ̀hún sì ti rù, ewé tútù méjì mẹ́ta ni wọ́n tò sí ìta, ẹ tú inú ẹ̀ wò, kìkì igi. Èèyàn mẹ́rin ni wá nílé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété sì ni wá, ọjọ́ tí mo bá gbé àmàlà kalẹ̀ láìsí ewédú, ìjà ni. Mo ní kí obìnrin tó ń tà á fi ènì sí i fún mi, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ẹ lọ gbin tiyín." Ó fi ń ṣeré ni o. Èmi ò gbà á léré.

Ilé wa ò tóbi, yàrá méjì àti pálọ̀, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀yìnkùlé ò ju ibi tí èèyàn lè páàkì mọ́tò méjì sí. Kànga wà lápá kan, ibi tá a ti ń fọ abọ́ wà lápá kejì, pẹ̀lú gọ́tà kékeré tí mo máa ń da omi ìdáná sí. Ẹ fi gọ́tà yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Ọ̀rọ̀ ká tulẹ̀ ká kọ bẹ́ẹ̀dì, mi ò ní fi yín ṣòfò, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo fún ọmọkùnrin kan ní 1,500 ó fi òwúrọ̀ kan tu gbogbo ẹ̀. Àwọ̀n tí mo fi yí i ká gba 3,500, torí ewúrẹ́ àdúgbò wa ò mọ ilé onílé, wọ́n á wọlé, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún wo èèyàn lójú. Owó àwọ̀n yẹn ò dùn mí rárá. Nínú gbogbo ohun tí mo rà, òun nìkan ló ṣe ohun tí mo rà á fún.

Mo wá lọ ra irúgbìn, agolo tòmátì kékeré kan, 1,500. Ìyá tó ń tà á bi mí pé Amúgbádú ni àbí Oníyàyá, mo ní èwo ni kí n mú, wọ́n ní kí n mú Amúgbádú torí ewé ẹ̀ fẹ̀, pé Oníyàyá, ewé ẹ̀ máa ń ya bí ọmọ ìka. Mo mú Amúgbádú. Gbogbo ohun tá a bára wa sọ nìyẹn o. Wọ́n wọn irúgbìn, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n gbowó, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Tẹ́ ẹ bá rí irúgbìn ewédú rí, ẹ mọ̀ pé ó kéré, ó rí bí ẹ̀tù ìbọn, ó ní igun igun, àwọ̀ ẹ̀ ò dúdú tán, kò sì jọ ewé tán. Ó tún le. Mo fi eyín tẹ ọ̀kan wò, bí ẹni tẹ iyanrìn ni. Ó yẹ kí n ti ronú níbẹ̀.

Mo fọ́n ọn ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tójò ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń lọ wò ó láàárọ̀, mò ń lọ wò ó nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí n lọ wò ó lọ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́wàá. Koríko hù, tẹ̀tẹ̀ tí mi ò gbìn hù, kóró máńgòrò táwọn ọmọ jù síbẹ̀ látoṣù Kẹta pàápàá yọ ewé pupa, ewédú ò hù.

Mo padà lọ bá ìyá tó tà á. Wọ́n ní bóyá ẹyẹ ló ṣà á jẹ, bóyá èèrà ló kó o lọ. Mo tún san 1,500. Lọ́tẹ̀ yìí mo wo fídíò lórí YouTube, ọkùnrin kan ní kí n rẹ irúgbìn sínú omi tútù mọ́jú, mo rẹ ẹ́, mo fọ́n ọn. Ìgbà tí mo padà wo fídíò yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó rí i pé ilá ni ọkùnrin yẹn ń sọ. Ilá! Fún ilá ó dáa, mo ti dán an wò, ó máa ń yára hù. Àmọ́ ewédú tí mo rẹ mọ́jú, ṣe ló kàn lúwẹ̀ẹ́, ó jáde bó ṣe wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án míì, òfo.

Bàbá Ayọ̀ náà wá mú tiẹ̀ wá. Ó ní ilẹ̀ yẹn ni ò lọ́ràá, pé ibẹ̀ ni wọ́n po sìmẹ́ńtì sí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Bó ṣe kówọ́ sẹ́yìn tó ń sọ ọ́, tó tún fi bàtà ta iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, mo gbà á gbọ́. Àpò ìgbẹ́ adìẹ méjì, 2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kadà tó gbé e gba 700, ó sì ń ráhùn òórùn ẹ̀ láti Tákíè títí dé ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni pé èmi ni mo yà á. Mo tún lọ ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹlòmíì ní Sábó, 2,000, torí inú ti ń bí mi sí ìyá àkọ́kọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan làwọn oníbàárà mi fi ń fi gèlè bo imú. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ìgbẹ́ tútù ló sun ún o, ó ti gbẹ, ó ti pẹ́ nílẹ̀ kí n tó rà á. Ìdajì irúgbìn ni mo fọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ orí mi tó ní kí n fi ìyókù pamọ́. Ewédú ò hù. Koríko yẹn ló jẹun yó.

Ẹ wá wo ohun tó tún ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ewédú mẹ́rin hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Níbi tí omi ìrẹsì tí mo bá sẹ́ máa ń gbà kọjá gan-an. Ó ní láti jẹ́ pé òjò ló gbá irúgbìn lọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mẹ́rin péré, wọ́n dúró ṣánṣán, ewé wọn ń dán, kò sí ìgbẹ́ adìẹ lábẹ́ wọn, kò sí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mo wò wọ́n, mo ní Olúwa, ṣé Ẹ fi ń ṣe mí lẹ́sín ni. Mo dìde, mo lọ padà sídìí ẹ̀rọ mi. Mi ò bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni màmá kan wá dán bùbá wò, wọ́n wá mi títí, wọ́n bá mi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Ìyá Ayọ̀, kí lò ń wò nílẹ̀ bí ẹni tówó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" Mo ní, "Màmá, owó ló bọ́ lóòótọ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún wọn, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ n parí ẹ̀.

"Ṣé o fi bọ omi gbígbóná kó o tó fọ́n ọn?"

Mo ní omi gbígbóná kẹ̀, kí n sè é ni? Màmá yìí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní láyé àwọn, ọmọdé tí kò tíì mọ ọ̀nà odò ti mọ ìyẹn. Ojú mi bá lọ síbi gọ́tà yẹn. Omi ìrẹsì. Gbígbóná. Ó ṣe mí bíi kí n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ má tíì yọ̀ fún mi. Torí pé wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín, ojú tì mí láti béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó nínú omi. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo gbé omi kaná, mo da ìdajì ohun tó kù sínú ẹ̀, mo ní kí n fi síìpù sára síkẹ́ẹ̀tì kan kíákíá, ìgbà tí mo fi padà dé ó ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fọ́n ọn. Mo tún dúró de ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mo ṣe, mo ti sè é jinná, iyọ̀ ló kù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní LAUTECH ni mo pè. Ó ní, "Háà, Àǹtí, ìṣẹ́jú àáyá ni, kì í ṣe ìṣẹ́jú o!" Ó ṣàlàyé pé èèpo irúgbìn ewédú ló le, omi kì í ríbi gbà wọlé, pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ò kú, ṣe ló ń sùn, omi gbígbóná ló máa dá ọ̀nà sára èèpo yẹn kí omi lè wọlé lọ jí i, àmọ́ tó bá ti pẹ́ jù níbẹ̀, ó kú nìyẹn. Mo ní dúró ná, o mọ èyí látọjọ́ yìí? O wá síbí lọ́jọ́ Àìkú méjì tí mò ń sunkún ewédú, o jókòó, o jẹ àmàlà mi, o ò lanu? Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò bi mí."

Ó dáa. Ìgbà karùn-ún, bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo já lára ìborùn àtijọ́ kan, torí áńkárá ti nípọn jù, omi ò ní tètè wọ inú ẹ̀, mo di irúgbìn tó kù sínú ẹ̀, mo fi òwú so ó lọ́rùn bí ìdì àgúnmu. Mo gbé omi kaná títí tó fi ń hó yaya, mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Mo ri ìdì yẹn bọ̀ ọ́, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, láìkánjú, mo fà á yọ, kíá mo tì í bọ omi tútù. Àwọn kan máa ń ka dé ẹ̀wá, ẹ̀rù ò jẹ́ kí èmi dé ibẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sínú àwo kó gbẹ díẹ̀ kó má lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ fọ́n ọn, mo fi ọwọ́ ra iyẹ̀pẹ̀ lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tí mi ò ṣe tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí n tó fọ́n ọn, torí bó ṣe kéré tó yẹn, ibì kan ló máa ń dà sí, tèmi hù bí ìgbálẹ̀ lápá kan, apá kejì pá.

Àmọ́ ó hù! Ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, mo rí i, ewé méjì méjì, wẹ́wẹ́, wọ́n ru iyẹ̀pẹ̀ sórí bí ẹni ru fìlà. Mo pariwo débi pé Bàbá Ayọ̀ sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó rò pé ejò ni. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ìgbẹ́ adìẹ yẹn ti ń ṣiṣẹ́." Mi ò fèsì. Ẹ má sì pa òwe Sókótó àti ṣòkòtò fún mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìyókù ò le. Mo fà lára èyí tó ṣù pọ̀, mo lọ́ ọ sápá tó pá, púpọ̀ nínú ẹ̀ yè. Kòkòrò dá ihò sí ewé díẹ̀, mo ku eérú sí i láàárọ̀ kí ìrì tó gbẹ, ó fi mí sílẹ̀ níwọ̀nba. Ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí mo kọ́kọ́ já a, mi ò fà á tu o, ọ̀bẹ ni mo fi gé e, mo fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún rúwé, ó sì tún rú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo mú ìjábẹ̀ mi sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, kaun bín-ń-tín, ewédú yẹn yọ̀ débi pé Ayọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ń tẹ̀ lé e látinú abọ́ dé ẹnu. Mo wo abọ́ mẹ́rin yẹn lórí tábìlì, mo ní 14,700, ẹ máa jẹ.

Mo ṣì lọ bá ìyá tó kọ́kọ́ ta irúgbìn fún mi. Mi ò bá wọn jà, mo kàn ní, "Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé omi gbígbóná ni?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń béèrè ibi tí wọ́n ń fi ìrẹsì sí lára. Wọ́n ní, "Ta ni ò mọ̀ ọ́n?" Wọ́n tún ta Oníyàyá fún mi, mo rà á, ìyẹn ò sí nínú 14,700 yẹn o.

Ewédú mẹ́rin ẹ̀bá gọ́tà, mi ò já ewé wọn rí. Mo dá wọn sí fún irúgbìn, èso wọn ti gbẹ báyìí, ó ti ń là, àná ni mo gbọn ti igi méjì sínú ìgò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ kọ ọ́ sára ìgò yẹn gàdàgbà, ó pa rẹ́, mo wá kọ ọ́ sórí bébà, mo fi òwú so ó mọ́ ọn lọ́rùn: OMI TÓ Ń HÓ, ENÍ DÉ ÀRÚN, FÀ Á YỌ.