Wọn Ò Jẹ́ Kí Akanda Wọlé: Àṣìṣe Tó Ń Ba Ẹjọ́ Jẹ́

Ilẹ̀kùn tó ń gba ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà báńkì kì í sábà gba kẹ̀kẹ́ akanda. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á jókòó sínú oòrùn, ẹ̀ṣọ́ á sì ní kó fi ìwé ìgbowó rán òun wọlé. Akanda á bínú, á sọ̀rọ̀ títí, á gba ilé lọ láìfi lẹ́tà kankan sílẹ̀. Kò sí àṣìṣe tó burú tó èyí.

Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹni tí kò ríbi wọlé lè fi tó àwọn alábòójútó ibẹ̀ létí. Bí wọ́n bá ti gbọ́, dandan ni kí wọ́n mú ìdíwọ́ náà kúrò. Bí wọn ò bá ṣe é, tí kóòtù dá wọn lẹ́bi, ilé-iṣẹ́ á san 10,000 náírà fún akanda náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi jáfara. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, ibo ni adájọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́?

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ fi téèpù wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn àti ti kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí wọ́n fọwọ́ sí tiyín, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ fi kúríà rán an, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní “ìjọba ṣì fún wa láyè.” Ọdún márùn-ún tí òfin fi sílẹ̀ láti tún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ṣe ti parí láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì fìgbà kan ní àyè: owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 1,000,000 náírà fún ilé-iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ máa ń di abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, tó de ìyàsọ́tọ̀, mú. Abala yẹn dárúkọ ẹ̀yà, ìlú tí èèyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àìpé ara. Òfin àwọn akanda gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àyè iṣẹ́ tí òfin yìí ní kó jẹ́ ti àwọn akanda: ilé-iṣẹ́ ìjọba ló wà fún, ẹ má fi pe aládàáni lẹ́jọ́.

Bó bá jẹ́ orí WhatsApp ni wọ́n ti kọ̀ yín, ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ má sì ta fóònù ọ̀hún. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011, abala 84, ní àwọn ohun tó ń béèrè kí kóòtù tó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà yín á nílò fóònù náà.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó bá yín fi ẹjọ́ sun Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́tókópì ni kí ẹ fún wọn. Lẹ́tà tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.